Bí a ṣe ń fi àwòrán rédà ṣe máàpù ibi tí omi bò lẹ́yìn ìjì òjò: ìtọ́sọ́nà láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àgbàrá kì í dúró de ayàwòrán. Òjò lè bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí omi ti bo afárá kékeré kan mọ́lẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrẹ̀ àti pàǹtírí tó há sára wáyà ọgbà nìkan ni yóò ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá wá béèrè pé ibo gan-an ni omi dé, ẹnìkan yóò ní ó dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn yóò ní ó wọ yàrá, kò sì ní sí ẹni tó lè fa ìlà rẹ̀ sórí ìwé. Àwọn tó rántí bí Ògùnpa ṣe ya ní oṣù Kẹjọ 1980, tàbí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 tó pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Ìbàdàn, mọ ohun tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn awọnlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti mọ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe máàpù, díẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ mọ bí a ṣe ń lo àwòrán rédà, yálà èyí tí bàálù yà tàbí èyí tí sátẹ́láìtì yà, láti fi ya ibi tí omi bò.

Kámẹ́rà lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó nílò ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ojú ọ̀run tó mọ́, ọjọ́ tí omi ń yalé kì í sì í sábà ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa rán sí òfurufú ní 2003, irú ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran ni ó gbé. Bí ìkùukùu bá ti bo ilẹ̀, orí ìkùukùu ni irú rẹ̀ yóò yà. Rédà ní tirẹ̀ máa ń rán ìgbì rédíò jáde láti ẹ̀gbẹ́ bàálù tàbí sátẹ́láìtì, ìgbì náà á la ìkùukùu kọjá, á kọlu ilẹ̀, rédà á sì dúró de gbohùngbohùn rẹ̀. Òru àti ọ̀sán kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, bí oko tó ní ewé àti ebè, máa ń tú ìgbì náà ká sí gbogbo ọ̀nà, díẹ̀ á padà sọ́dọ̀ rédà, ibẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ lórí àwòrán. Omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń ṣe bíi jígí: ọ̀kánkán tí ìgbì dorí kọ ni omi máa ń tì í sí, kò jẹ́ kí ó padà, ibẹ̀ á sì dúdú. Ohun tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé nìyí, òun náà sì ni orísun gbogbo àṣìṣe rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ni omi.

Ti bàálù àti ti sátẹ́láìtì

Nínú àwọn rédà tí bàálù ń gbé, èyí tí mo máa ń gbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti fi kọ́ṣẹ́ ni UAVSAR ti àjọ NASA ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni dátà rẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ abẹ́ bàálù Gulfstream III tó máa ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 12.5 sókè, apá òsì bàálù ni rédà náà ń wò, ìbú ilẹ̀ tó ń yà lẹ́ẹ̀kan sì tó nǹkan bíi kìlómítà 20. Ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24. Lẹ́yìn tí ìjì Florence wọ North Carolina ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2018, bàálù yìí fò lórí àwọn odò ibẹ̀ léraléra láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí a fi lè rí bí omi ṣe ń gòkè àti bí ó ṣe ń fà. Ó ti wá sí ilẹ̀ Áfíríkà náà rí, nígbà tí ó ya igbó Gabon ní 2016, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n wá wọ̀n níbẹ̀.

Awọnlẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè pe irú bàálù bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ òjò. Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa ni Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n rán àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sókè ní oṣù Kẹrin 2014. Ìgbì tirẹ̀ kúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà 5.6 lọ, ìbú ilẹ̀ tó ń yà jẹ́ kìlómítà 250, ọ̀fẹ́ sì ni òun náà. Ìyàtọ̀ gígùn ìgbì yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti dà bí i pé ó rí lọ. Ìgbì kúkúrú máa ń kọlu ewé kajú tàbí ewé máńgòrò, á sì ti ibẹ̀ padà láìfojú kan ilẹ̀. Ìgbì gígùn máa ń gba àárín ewé kọjá, á kọlu omi tó wà nídìí igi, á ti ara omi kọlu igi, á sì padà sọ́dọ̀ rédà pẹ̀lú agbára. Nítorí náà, omi tó wà lábẹ́ igi kì í dúdú lójú ìgbì gígùn. Ńṣe ni ó máa ń tàn yòò. Ẹni tó bá ti fi dátà Florence rí èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́, yóò sì wúlò fún un nílé pẹ̀lú, nítorí pé NISAR, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà àti Íńdíà jọ ṣe, tí wọ́n rán lọ sókè ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2025, gbé irú ìgbì gígùn kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára rédà mọ kí ẹ má baà fi àkókò ṣòfò. Sátẹ́láìtì Sentinel-1 kan máa ń padà sójú ọ̀nà kan náà ní ọjọ́ 12 síra, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó sì máa ń kọjá. Àgbàrá tó bo títì ní Tákìé fún wákàtí mẹ́ta, àfi bí orí bá bá a ṣe é ni yóò bọ́ sí àkókò tí sátẹ́láìtì ń kọjá. Ìwọ̀n ohun tó lè rí tún wà níbẹ̀: píksẹ́lì Sentinel-1, ìyẹn ẹyọ onígun mẹ́rin kékeré tí àwòrán fi kọ́ra, jẹ́ mítà 10 sí 10, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀ ní tòótọ́ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20 sí 22, èyí tí kò jìnnà sí ìwọ̀n pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ilé kan ṣoṣo kò hàn nínú rẹ̀. Ẹ lò ó fún àwọn ibi tí omi máa ń dúró sí fún ọjọ́ púpọ̀: àfonífojì Odò Ọbà, àwọn àkùrọ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí, etí Odò Ògùn nísàlẹ̀ ìsédò Ìkéré lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ní ti inú ìlú, ẹsẹ̀ yín ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Yíyan àwòrán

Àwòrán méjì ni ẹ nílò, ọ̀kan ṣáájú òjò, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan yóò ya gbogbo ohun dúdú mọ́ omi. Àwòrán méjèèjì gbọ́dọ̀ wá láti ojú ọ̀nà kan náà, kí rédà ti apá kan náà wo ilẹ̀, kí ìdúró ìgbì wọn sì bára mu. Lórí fáìlì, lẹ́tà méjì ni a fi ń kọ ìdúró ìgbì: HH ni pé a rán ìgbì tó sùn gbọọrọ jáde, a sì gba èyí tó sùn padà, VV ni ti ìgbì tó dúró lóòró, VH ni pé èyí tó dúró ni a rán, èyí tó sùn ni a gbà. Lórí ilẹ̀ wa, VV àti VH ni Sentinel-1 sábà máa ń fún wa. UAVSAR ń fúnni ní gbogbo rẹ̀, HH rẹ̀ sì ni ó dára jù fún omi abẹ́ igi.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí ènìyàn fi àwòrán oṣù Kínní ṣe ti ṣáájú, kí ó sì fi ti oṣù Kẹsàn-án ṣe ti ẹ̀yìn. Ní oṣù Kínní, ọyẹ́ ti gbẹ ewé, iná ti jó igbó, ilẹ̀ ti gbẹ táútáú. Ní oṣù Kẹsàn-án, iṣu ti yọ ewé, ilẹ̀ rin, ilẹ̀ tó rin sì máa ń mọ́lẹ̀ lójú rédà ju èyí tó gbẹ lọ. Ìyàtọ̀ tí ẹ óò rí kì yóò jẹ́ ti òjò ọjọ́ kan, ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òjò ni. Ẹ mú àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú ìgbà òjò kan náà, ṣáájú ọjọ́ ìjì náà, kí ẹ sì yan iye tó bọ́ sí àárín fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tún mú ti oṣù kan náà ní ọdún tó kọjá.

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà

Dátà UAVSAR wà lórí ìkànnì Alaska Satellite Facility, ẹ óò kàn forúkọ sílẹ̀ ni. Ẹ gba àwọn fáìlì .grd ti HHHH, HVHV àti VVVV, pẹ̀lú fáìlì .ann tó bá wọn rìn. QGIS kò ní mọ bí fáìlì .grd ṣe rí bí ẹ kò bá sọ fún un. Ẹ ṣí .ann bí ẹ ṣe ń ṣí ìwé lásán, ẹ wo iye ìlà àti iye òpó tó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí igun òkè apá òsì bọ́ sí, kí ẹ sì kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú fáìlì .hdr kékeré kan, kí ẹ fi kún un pé nọ́ńbà onídẹ́símà oní-bíìtì 32 ni ó wà nínú fáìlì náà. Ó ń dáni lágara nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, píksẹ́lì tó tó nǹkan bíi mítà 6 ni yóò yọ sí yín.

Ní ti Sentinel-1, ọ̀nà méjì ló wà. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá dúró déédéé, ẹ lo Google Earth Engine, nítorí pé àwọn àwòrán inú àkójọ COPERNICUS/S1_GRD ti gba ìtọ́jú àkọ́kọ́, orí kọ̀ǹpútà Google ni iṣẹ́ á ti ṣe, ìdáhùn nìkan ni yóò sì gba dátà yín. Bí kò bá dúró, ẹ wá òru ọjọ́ kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ẹ gba fáìlì náà wálẹ̀, kí ẹ sì lo SNAP, ètò ọ̀fẹ́ ti àjọ òfurufú Yúróòpù. Nínú SNAP, bí àwọn iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀ léra wọn nìyí: Apply Orbit File tó ń tún ojú ọ̀nà sátẹ́láìtì ṣe, Thermal Noise Removal tó ń yọ ariwo inú ẹ̀rọ kúrò, Calibration tó ń sọ àwòrán di òṣùwọ̀n, Speckle Filter, àti Terrain Correction tó ń gbé àwòrán sójú ibi tó yẹ kí ó wà lórí ilẹ̀. Ẹ yan UTM Zone 31N, ètò máàpù tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ EPSG:32631, òun ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀.

Speckle Filter nílò ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá mú àwòrán rédà tóbi sí i, ẹ óò rí i pé ó rí tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù, funfun àti dúdú á wọnú ara wọn, àní lórí omi tó tẹ́jú pàápàá. Kì í ṣe àbùkù ẹ̀rọ. Gbohùngbohùn láti ara ohun kéékèèké inú píksẹ́lì kan ni wọ́n ń pàdé, tí òmíràn ń fi kún èkejì, tí òmíràn sì ń pa èkejì. Asẹ́ Refined Lee ń mú un dákẹ́ láìba etí odò jẹ́ púpọ̀. Ẹ má ṣe sẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó dán. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fọ àwọn odò tóóró kúrò lórí máàpù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ iye náà di dẹ́síbẹ́lì, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára gbohùngbohùn (ti Earth Engine ti wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má tún un ṣe): ẹ mú lọ́gáríìmù rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ 10, kí ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye 0.1 á di −10, 0.01 á di −20. Bí iye kan bá fi 3 dẹ́síbẹ́lì rẹlẹ̀, agbára gbohùngbohùn náà ti dín sí nǹkan bí ìdajì.

Níbo wá ni omi ti bẹ̀rẹ̀? Ìwé ẹ̀kọ́ lè fún yín ní nọ́ńbà kan, ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ lò. Lórí VV, omi tó parọ́rọ́ sábà máa ń wà nísàlẹ̀ −15 tàbí kí ó tún lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà àti igun tí rédà fi wo ilẹ̀ ń yí i padà. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé mo máa ń ya àpótí kékeré sórí adágún ìsédò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti sórí adágún Ìkéré, lórí àwòrán ọjọ́ náà gan-an, mo á ka iye tó wà níbẹ̀, mo á sì tún ka ti oko tí mo mọ̀ pé ó gbẹ. Ààlà á bọ́ sí àárín méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yàn án, ọ̀nà tí Otsu gbé kalẹ̀ ní 1979 máa ń wá ibi tí òkè méjì inú àtẹ iye, àtẹ tó ń fi iye píksẹ́lì tó ní iye kọ̀ọ̀kan hàn, ti pínyà, àmọ́ ó nílò kí omi pọ̀ tó lórí àwòrán. Bí omi bá kéré, òkè kan ṣoṣo ni yóò rí, ìdáhùn rẹ̀ á sì di àsọdùn. Lórí UAVSAR, ìṣòro mìíràn tún wà: igun tí ó fi ń wo ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 25 ìyí nítòsí bàálù dé nǹkan bíi 65 lọ́nà jíjìn, àwòrán náà á sì máa ṣókùnkùn sí i bí ó ti ń lọ. Ẹ pín ìbú rẹ̀ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì wá ààlà fún ìpín kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni ẹ óò fi ti ẹ̀yìn wé ti ṣáájú. Ìlànà tí UN-SPIDER, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi sórí Earth Engine máa ń fi iye ṣáájú pín iye ẹ̀yìn, ibi tí ìpín rẹ̀ bá sì ju 1.25 lọ ni ó ń kà sí omi. Bí píksẹ́lì kan bá jẹ́ −15 ṣáájú, tí ó wá di −20, ìpín rẹ̀ jẹ́ 1.33, ó ti wọlé. Ìlànà kan náà ń yọ ibi tí omi máa ń wà fún oṣù tó ju 10 lọ láàárín ọdún kúrò, ó ń yọ ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ, ó sì ń yọ ìdì píksẹ́lì tí kò tó 8. Ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí. Ẹ yí wọn padà bí ilẹ̀ bá ṣe fi hàn. Lórí ìgbì gígùn, ẹ tún wá ìdàkejì: ibi tí HH ti mọ́lẹ̀ sí i gidigidi lábẹ́ igi, kí ẹ fi í sí abala tirẹ̀, kí ẹ má pò ó mọ́ omi gbalasa.

Àwọn ohun tó ń fara jọ omi

Títì ọ̀dà fẹ̀, ó tẹ́jú, ó dúdú. Pápá ìṣeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katakata tẹ́ náà dúdú. Yanrìn gbígbẹ dúdú. Ẹ̀yìn àpáta gíga, irú àwọn tó pọ̀ lọ́nà Adó Àwáyè, dúdú nítorí pé ìgbì rédà kò dé ibẹ̀ rárá, òjìji ni. Fífi àwòrán méjì wéra ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé títì tó dúdú lánàá dúdú lónìí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹnìkan tẹ́ láàárín àwòrán méjèèjì yóò wọlé. Mo ti kun irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ búlúù rí, lọ́nà oko, mo sì gbé máàpù náà lọ síwájú àwọn àgbà àdúgbò. Bàbá kan wò ó, ó ní, “Ibi tí a tẹ́ fún ọjà tuntun nìyí, omi kò débẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè kí n tó kùn.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lójú omi máa ń mú kí omi rú, kí ó sì mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀. Ewéko tó léfòó lójú adágún máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Láàárín ilé, ògiri àti omi máa ń ta ìgbì padà, nítorí náà agbo ilé tó há, irú èyí tó yí ààfin Ṣọ̀ún ká, lè kún fún omi kí rédà má sọ ohunkóhun. Ẹ fi ìlà gbọọrọgbọọrọ ya irú ibẹ̀, kí ẹ kọ “a kò rí i” sí i. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní funfun, nítorí pé ẹni tó bá rí funfun yóò gbà pé ó gbẹ.

Lílọ sórí ilẹ̀

Ẹ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí òjò mìíràn tó fọ ipa omi kúrò lára ògiri. Ẹ yan ojúkò 50 nínú ibi tí máàpù pè ní omi, àti 50 níbi tó pè ní gbígbẹ, kí kọ̀ǹpútà yàn wọ́n fúnra rẹ̀, kí ẹ má baà máa lọ síbi tí títì dára nìkan. Ní ojúkò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi GPS orí fóònù mú ibẹ̀, ẹ fi téèpù wọn ipa omi láti ilẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kí àwọn ará ilé dáadáa, kí ẹ bi wọ́n ní àkókò. “Ìyá, ẹ kú ìdúró, ẹ sì kú ewu. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí wọ́n tó kírun aṣálẹ́ ni omi wọlé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?” Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń mú wákàtí jáde ju “agogo mélòó” lọ, wákàtí yìí ni ẹ óò sì fi mọ̀ bóyá àwòrán rédà bá omi níbi tó ga dé tàbí ìgbà tó ti ń fà. Bí ojúkò 41 nínú 50 tí máàpù pè ní omi bá ní ipa omi, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, 41 nínú 50.

Fún ìwọ̀n ilẹ̀, píksẹ́lì Sentinel-1 kan lórí UTM jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100, 100 rẹ̀ ni hẹ́kítà kan. Dátà UAVSAR ń wá ní ìyí; ẹ gbé e sórí UTM kí ẹ tó wọ̀n ohunkóhun.

Ní igun máàpù, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a ya àwòrán, kì í ṣe ọjọ́ òjò: “Omi tí rédà rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ báyìí.” Àmì mẹ́ta ti tó, àwọ̀ kan fún omi gbalasa, ọ̀kan fún omi abẹ́ igi, àti ìlà gbọọrọgbọọrọ fún ibi tí a kò rí. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan fún ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fún olórí àdúgbò ní ọ̀kan. Kí ẹ tó kúrò ní àdúgbò náà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kan, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kékeré sára ògiri rẹ̀ níbi tí omi ga dé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i, kí ẹni tó bá máa ṣe máàpù òjò tó ń bọ̀ lè ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n.